Ìgò Méjì Nínú Ogún

Ilé kan wà létí àbàtà, lójú ọ̀nà tó ti Ìwó lọ sí Olúpọ̀nnà. Yàrá kan ṣoṣo. Fèrèsé kan, tó kọjú sí ìlà-oòrùn. Ní ọdún 1985, ọkùnrin kan ń lọ síbẹ̀ láràárọ̀, ó ń padà ní ìrọ̀lẹ́, kò sì sí ẹni tó ń bi í pé kí ló rí níbẹ̀.

Mùrí ni orúkọ rẹ̀. Ààfáà Mùrí Sàlàkọ́. Ó ti lé ní ọmọ àádọ́ta ọdún. Nígbà kan rí, ó ní ilé-kéú ní agboolé wọn, ọmọ mẹ́tàlélógún ló ń kọ́ níbẹ̀, ariwo wọn a sì máa dé ìdí ọjà. Ìwé kíkọ ni wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́. Tó bá ti ki kálàmù bọ inú yíǹkì tàdáwà, tó ń kọ áyà Kùránì sójú wàláà ọmọdé, àwọn ààfáà mìíràn a dúró wò ó. Ọwọ́ rẹ̀ kì í gbọ̀n. Ìlà tó bá fà, bí ẹni fi okùn wọ̀n ọ́n.

Hàbíbátù, ìyàwó rẹ̀, kú ní ọdún 1979. Fàtímọ̀, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, wà ní Àbíjàn pẹ̀lú ọkọ rẹ̀. Fàtímọ̀ kì í kọ lẹ́tà. Ohùn rẹ̀ ló máa ń gbà sínú kásẹ́ẹ̀tì, a fi rán ẹni tó bá ń bọ̀ wálé. Mùrí kò ní ẹ̀rọ. Yóò mú kásẹ́ẹ̀tì náà lọ sílé onílé, yóò jókòó láàárín àwọn tí ọ̀rọ̀ kò kàn, yóò máa gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀ tó ń kí i. Tó bá tán, wọn a bi í pé ṣé kí àwọn tún un gbé sí i. A ní rárá, ó ti tó.

Ọwọ́ tí kì í gbọ̀n yẹn ló mú Dókítà Kòfowórọlá Oyèlẹ́yẹ wá bá a ní 1982. Láti Ifẹ̀, nínú mọ́tò ìjàpá tí ẹrẹ̀ ti bò dé fèrèsé. Obìnrin tó tó ogójì ọdún, tó wọ sálúbàtà ọkùnrin. Ó kúnlẹ̀ kí i. Ó ní olùkọ́ yunifásítì lòun, ẹyin àkèré sì ni iṣẹ́ òun. Òun fẹ́ mọ bí ẹyin ṣe ń di ẹ̀dá, láti wákàtí dé wákàtí. Àkèré pọ̀ nínú àbàtà yìí ju ibi tí òun ti dé lọ. Ẹni tó lè ya ohun tó bá rí sínú ìwé lòun wá ń wá, láìfi kún un, láìyọ kúrò nínú rẹ̀.

Mùrí rẹ́rìn-ín. Ó ní òun kò ya àwòrán rí.

Dókítà ní kó kàn wo inú awò.

Awò tó ń sọ kékeré di ńlá ni, ó gbé e ka orí tábìlì níwájú fèrèsé. Mùrí tẹ ojú mọ́ ọn. Ẹyin kan ló rí. Dúdú lókè, funfun nísàlẹ̀. Bó ṣe ń wò ó, ìlà kan yọ lórí rẹ̀. Ìlà náà ń jinlẹ̀. Ẹyin pín sí méjì níṣojú rẹ̀, láìsí ọ̀bẹ, láìsí ọwọ́ ẹnikẹ́ni níbẹ̀.  Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, méjì pín sí mẹ́rin. Ó ní kí wọ́n fún òun ní ìwé.

Ọjọ́ náà, ìrọ̀lẹ́ ló tó rántí pé òun kò jẹun.

Ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi ṣe iṣẹ́ yẹn. Dókítà a máa wá lọ́sẹ̀ méjì méjì. Ó ń ṣàlàyé fún un ní èdè tó yé e. Ó ní nínú gbogbo wóró kéékèèké tí ẹyin ń pín sí, ìwé kan wà níbẹ̀. Ìwé kan náà, odindi. Jíìnì ni wọ́n ń pe ohun tí a kọ sínú rẹ̀. Ibi tí yóò di ojú ní ìwé náà, ibi tí yóò di ìrù ní in. Ṣùgbọ́n kò sí èyí tó ń kà á tán. Ibi tí yóò di ojú ń ka ojú ewé tirẹ̀, ibi tí yóò di ìrù ń ka tirẹ̀, ìyókù wà ní pípadé.

Mùrí ní ó yé òun. Odindi Kùránì wà lórí pẹpẹ, ṣùgbọ́n áyà tó kan ọmọ lónìí nìkan ni à ń kọ sí wàláà rẹ̀.

 Dókítà ní òun ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní nǹkan yìí fún ọdún mẹ́wàá, òun kò sọ ọ́ báyẹn rí.

Ó wá sọ èyí tó ṣe Mùrí ní kàyéfì jù. Ní wákàtí díẹ̀ àkọ́kọ́, ẹyin kì í ka ìwé tirẹ̀ rárá. Ohun tí ìyá ti kọ sílẹ̀ fún un kó tó yé e ló ń lò. Ìyá ti lọ. Ìyá ti padà sínú àbàtà, kò mọ̀ ọ́n mọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni ẹyin fi ń pín. Yóò wá di àkókò kan, ọ̀rọ̀ ìyá á tán, ọmọ á ṣí ìwé tirẹ̀. Àkókò wo gan-an? Ojú ewé wo ló kọ́kọ́ ń ṣí, ní apá ibo lára? Ohun tí Dókítà ń wá nìyẹn. Ẹnikẹ́ni kò tíì bi àkèré àbàtà Ìwó ní ìbéèrè yẹn.

Mùrí a sì máa rí àkókò náà, tí ẹyin bá wà láàyè lábẹ́ awò. Gbogbo wóró á kọ́kọ́ máa pín lẹ́ẹ̀kan náà, bí àwọn tó tò lẹ́yìn lèmọ́mù ṣe ń rúkúù. Gbogbo wọn. Lẹ́ẹ̀kan náà. Tó bá di nǹkan bí wákàtí karùn-ún, á dàrú. Ọ̀kan á pín, èkejì á dúró. Kálukú ti wà ní àyè ara rẹ̀.

Kò rí ẹni sọ ọ́ fún.

Ìlú kò fẹ́ iṣẹ́ yẹn. Ẹni tó mọ Kùránì, tó jókòó tó ń ya ohun ẹlẹ́mìí, tí àwọn ààfáà kà léèwọ̀, sínú ìwé. Èyí ṣì kéré. Ti àkèré fúnra rẹ̀ ló burú jù. Àwọn àgbà ààfáà ti kọ́ gbogbo wọn láti kékeré pé igbe tí àkèré ń ké nínú omi, ìyìn àti àfọ̀mọ́ ló ń ṣe fún Ọlọ́run, kò yẹ kí èèyàn pa á. Mùrí ní òun kò pa ìyá, òun kò pa bàbá, òun ń dá àwọn méjèèjì padà sínú àbàtà lẹ́yìn tí wọ́n bá yé tán. Wọ́n ní ẹyin ńkọ́? 

Àwọn òbí wá kó ọmọ wọn kúrò. Wọn kò bá a jà. Ọmọ kan kò wá lónìí, méjì kò wá lọ́la. Nígbà tó fi di òpin ọdún 1984, wàláà òfìfo ló kù ní ìdí ògiri.

Fàtáì nìkan ló tún ń bá a ṣeré. Ààfáà ni Fàtáì náà, ọ̀dọ̀ olùkọ́ kan náà ni wọ́n ti kàwé, abọ́ kan náà ni wọ́n jọ jẹ sàárà ní kékeré. Tó bá pàdé Mùrí lójú ọ̀nà pẹ̀lú àwọ̀n ìpẹja léjìká, á ké sí i níṣojú èèyàn. "Mùrí, wọlímà àwọn àkèré rẹ dọjọ́ wo? Kí n tètè rán ẹ̀wù." Àwọn èèyàn á rẹ́rìn-ín, Mùrí náà á rẹ́rìn-ín, á ní ó ku jùsù mẹ́ta kí wọ́n parí Kùránì. Ìgbà tó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ yẹn ṣì dára. Ó wá di pé Fàtáì kì í fi í ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. A kí i tán, a máa lọ.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1985, Dókítà wá sọ fún un pé òun rí àyè ọdún kan ní òkè òkun. Àwọn tó wà níbẹ̀ ti mọ bí a ṣe ń pa aró sí ojú ewé tí ara ń kà, tí èèyàn á fi ojú rí ibi tí ó ti ṣí àti ibi tó wà ní pípadé. Ẹyin ló kù. Ogún ìgò. Ẹyin ìyá kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́. Láti ìgbà tí ẹyin bá kọ́kọ́ pín, kí Mùrí mú mẹ́wàá mẹ́wàá sínú ìgò oògùn fọ́málìn, tí kì í jẹ́ kí nǹkan jẹrà, ní ìdajì wákàtí sí ìdajì wákàtí. Ọ̀kan kò gbọdọ̀ fò. Kí ó fi pẹ́ńsù kọ nọ́ńbà ìgò sórí pépà kékeré, kí ó ju pépà náà sínú ìgò pẹ̀lú ẹyin.

Tí ogún bá pé, tó sì dájú, òun á kọ lẹ́tà sí Ifẹ̀. Wọ́n á gba Mùrí sí yàrá iṣẹ́ òun níbẹ̀, kí ó máa ya àwòrán. Èèyàn méje ló wà níbẹ̀, Dókítà ní, tí wọn kò ní ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu ju ẹyin lọ. Àríyànjiyàn ni wọ́n fi ń jẹun.

Èèyàn méje. Mùrí kò sùn dáadáa lọ́jọ́ yẹn. Ó fọ ẹ̀wù ńlá rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wo inú yàrá, ó ń fojú wọn ohun tí òun á kó àti ohun tí òun á fi sílẹ̀. Kò pọ̀.

Ẹ̀ẹ̀mejì ló gbìyànjú, ẹ̀ẹ̀mejì ni ẹyin funfun báláú kí iṣẹ́ tó parí, tó kú. Ìparí oṣù kẹwàá ni ìkẹta bọ́ sí, òjò ti ń kásẹ̀ nílẹ̀. Ó mú akọ àti abo kan, ó gbé wọn sínú bàsíà. Lẹ́yìn asùbáà Jímọ́ọ̀, ẹyin ti wà nílẹ̀. Ó jókòó. Ìlà àkọ́kọ́ yọ. Ó wo aago ọwọ́ tí Dókítà fi sílẹ̀ fún un.

Ó ṣe é dáadáa. Ìdajì wákàtí, ìgò kan. Ìdajì wákàtí, ìgò kan. Ó ń ya àwòrán èyí tó wà láàyè láàárín. Ó kọ ọ́ sínú ìwé pé nígbà ìgò kẹwàá, wọ́n ṣì ń rúkúù pọ̀. Nígbà ìkọkànlá, ó ti dàrú. Ó rí i kedere. Ó gbọ́ ìpè ìrun Jímọ́ọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, kò lè lọ. Ó kírun tirẹ̀ níbẹ̀, láàárín ìgò kan àti òmíràn, òun nìkan. Nígbà tó fi di ìrọ̀lẹ́, ogún ti pé. Ó dá ìyá àti bàbá padà. Ó fi òwú di àwọn ìgò náà sínú páálí, bí àyè bá ṣe gbà wọ́n, nítorí kálukú ti ní orúkọ nínú.

Kò fi pẹ́ńsù kọ orúkọ náà.

Tàdáwà ló fi kọ ọ́. Ó po tuntun nítorí rẹ̀. Àwọn ìgò yìí ń lọ sí òkè òkun, àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rí á gbé wọn sókè, wọn á rí ọwọ́ rẹ̀. Pẹ́ńsù kò lè gbé ọwọ́ rẹ̀ jáde. Ó gbẹ́ kálàmù, ó kọ nọ́ńbà ogún sórí pépà ogún. Wọ́n lẹ́wà. Láti ọdún tí àwọn ọmọ ti lọ, kò tíì kọ ohun tó lẹ́wà tó bẹ́ẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ó mọ̀. Ta ni ì bá mọ̀ jù ú lọ? Ohun tí a ṣe ń fi tàdáwà kọ wàláà ni pé omi ń fọ̀ ọ́ kúrò. Ọgbọ̀n ọdún ló fi da omi sórí wàláà ọmọdé, tí áyà àná ṣàn lọ, tí pátákó mọ́ fún tòní. Ṣùgbọ́n fọ́málìn ń ta imú. Ó ń mú omi jáde lójú. Oògùn ni lójú rẹ̀. Kò wá sí i lọ́kàn pé omi ni wọ́n fi là á.

Ní àárọ̀ Sátidé, ó ṣí páálí láti wò wọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i. Omi inú ìgò ti rí bí omi èédú. Ó fa pépà kan yọ. Funfun. Ó fa òmíràn. Gbogbo wọn funfun.

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Nígbà tó dìde, àwọ̀n ló gbé. Ó wọ inú àbàtà títí dé ìbàdí, ó wá a láti àárọ̀ títí oòrùn fi tẹ̀. Àkèré kan kò ké. Wọ́n ti lọ. Ọdún tó ń bọ̀ ni.

Dókítà ń bọ̀ ní ọjọ́ Àtàláátà. Ọjọ́ kejì ni ọkọ̀ òfurufú rẹ̀.

Ó ku awò. Ní ọjọ́ Àìkú, bí ilẹ̀ ṣe mọ́, ó gbé ìgò kọ̀ọ̀kan síwájú fèrèsé, ó tẹ́ àwọn àwòrán ọdún mẹ́ta sílẹ̀ yí ara rẹ̀ ká. Èyí tó pín sí méjì, ìkíní nìyẹn. Mẹ́rin, mẹ́jọ, ó ń kà wọ́n. Àwọn tó gbẹ̀yìn náà kò ṣòro, nítorí ihò kan ti ń ṣí lẹ́yìn wọn, ẹnu rẹ̀ tẹ̀ bí oṣù tuntun, oṣù náà sì ń gbòòrò láti ìgò dé ìgò. Àárín ni wàhálà wà. Ìgò márùn-ún. Ẹyin inú wọn kò jọ nǹkan kan ju rogodo tí wọ́n fi iyanrìn lẹ̀ lọ. Ó ń wo bí iyanrìn náà ṣe kúnná tó. Ó wọ̀n wọ́n, ó tún wọn wọ̀n. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ajé, ó ti dá mẹ́ta mọ̀. Ó fi pẹ́ńsù kọ nọ́ńbà wọn.

Méjì ló kù. Ìkẹwàá àti ìkọkànlá.

Nígbà tí wọ́n wà láàyè, òun ló jókòó tì wọ́n, òun ló rí i tí ọ̀kan wà pọ̀ tí èkejì tú ká. Nísinsìnyí tí wọ́n ti dúró sójú kan nínú oògùn, kò sí ìyàtọ̀. Ọ̀kan ṣì ń lo ọ̀rọ̀ ìyá. Èkejì ti ṣí ìwé tirẹ̀. Ojú lásán kò lè sọ. Awò kò lè sọ. Dókítà sì ti sọ fún un, àìmọye ìgbà, pé ibẹ̀ gan-an ni gbogbo iṣẹ́ náà wà.

Ó gbé ọ̀kan sọ́wọ́ ọ̀tún, ó gbé ọ̀kan sọ́wọ́ òsì. Ó ro Ifẹ̀. Ó ro èèyàn méje yẹn, bí wọ́n á ṣe máa sọ̀rọ̀ láìdúró, bí òun náà á ṣe dá sí i. Ó kọ mẹ́wàá sórí pépà kan, ó kọ mọ́kànlá sórí èkejì. Ó jù wọ́n sínú ìgò. Ó dé wọn.

Ó jókòó tì wọ́n títí ìmọ́lẹ̀ fi ń lọ lójú fèrèsé. Lẹ́yìn náà ó ṣí wọn, ó yọ pépà méjèèjì jáde.

Dókítà dé ní nǹkan bí aago mẹ́wàá. Ó kúnlẹ̀ kí i, bó ṣe máa ń ṣe. Ojú rẹ̀ ti wà lọ́nà.

"Ó pé, Ààfáà?"

"Ó pé. Kò dájú."

Mùrí ro gbogbo rẹ̀ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀, kò fi kún un, kò yọ kúrò nínú rẹ̀.  Nígbà tó parí, Dókítà mú ọ̀kan nínú àwọn pépà funfun náà, ó gbé e sójú ìmọ́lẹ̀.

"Mo fún yín ní pẹ́ńsù."

"Lóòótọ́, ẹ fún mi."

"Méjì. Mo gbẹ́ ẹ lẹ́nu fún yín."

"Ẹ gbẹ́ ẹ. Mo fẹ́ kó lẹ́wà ni."

Dókítà fi ojú sí inú awò. Ó wo ìgò kan, ó wo èkejì, ó padà sí ti àkọ́kọ́. Ó pẹ́. Ó sọ̀rọ̀ láìgbé ojú kúrò níbẹ̀.

"Kò sẹ́ni tó mọ̀ wọ́n tó yín. Èwo lọkàn yín mú?"

"Ọkàn mi mú èyí tó wà lápá òsì. Ṣùgbọ́n ọkàn mi kì í ṣe aago."

"Ẹ̀ bá ti kọ ọ́ sí i, Ààfáà. Ǹ bá má mọ̀."

"Mo kọ ọ́ lánàá. Mo tún yọ ọ́."

Dókítà gbé orí sókè. Kò bínú, ìyẹn ni Mùrí rí. Ó rẹ̀ ẹ́ ni. Ó ní àwọn tí òun ń lọ bá á bi òun pé báwo ni wọ́n ṣe kó àwọn ìgò yìí jọ, òun á sì sọ fún wọn. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ní kí òun da méjèèjì nù. Ó fi aṣọ nu ọwọ́ fún ìgbà pípẹ́, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ kò tutù.

"Lẹ́tà Ifẹ̀ yẹn. Mi ò tíì kọ ọ́. Mo ní kí n rí ìgò wọ̀nyí ná."

Mùrí ń to àwọn ìgò padà sínú páálí.

"Mi ò lè kọ ọ́ báyìí. Wọ́n á béèrè ìkẹwàá lọ́wọ́ mi."

"Ó dáa," ni Mùrí wí.

Ó bọ́ aago ọwọ́, ó fún un. Ó bá a gbé páálí dé ìdí mọ́tò. Ó bá a gbé awò náà, ó fi aṣọ wé e kí ó má fọ́ lójú ọ̀nà. Dókítà tún kúnlẹ̀. Ó ní kí Ààfáà bá òun ṣe àdúà. Mùrí ṣe é fún un, ó gùn, ó sì dénú. Mọ́tò lọ. Ó dúró títí kò fi gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́, ó tún dúró díẹ̀ sí i.

Lẹ́tà kan dé ní oṣù kẹta ọdún tó tẹ̀ lé e. Wọ́n ti da ìgò méjèèjì sí apá kan. Ohun tí wọ́n lè sọ kò ju pé ẹyin àkèré yẹn ṣí ìwé tirẹ̀ láàárín ìgò kẹsàn-án àti ìkejìlá. Ó gbòòrò ju ohun tí òun fẹ́ lọ, Dókítà kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n yin àwọn àwòrán. Wọ́n béèrè ta ló yà wọ́n. Òun kò ní padà wálé lọ́dún yìí. Ó kí i púpọ̀. Mùrí ka lẹ́tà náà tán, ó wò ó bóyá nǹkan wà lẹ́yìn pépà. Kò sí.

Ẹni tó ni ilé létí àbàtà gba yàrá rẹ̀, ó fi kó àgbàdo sí. Àwọn òbí kò dá ọmọ padà. Mùrí ń ṣe oko díẹ̀ lẹ́yìn agboolé, ó ń bá àwọn tó ní ọmọ lókè òkun ka lẹ́tà. Nígbà kan, wọ́n jọ wà ní ibi ìsìnkú, Fàtáì wá jókòó tì í. Mùrí fẹ́ sọ fún un nípa rúkúù ẹyin yẹn, bí ó ṣe ń dàrú. Ó la ẹnu. Ó wá bi í nípa iṣu rẹ̀.

Òjò àkọ́rọ̀ ọdún 1986 rọ̀ ní òru. Lẹ́yìn asùbáà, Mùrí lọ sí àbàtà. Ó rí ẹyin nínú omi kan tó wà lábẹ́ koríko, tuntun, ó mọ̀ ọ́n lójú. Ó tẹ́ ẹní sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó jókòó. Láìsí awò, ẹyin kò ju dúdú bíńtín lọ, kò sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí i tí ojú lè rí. Ó ń wo oòrùn dípò aago. Àwọn tó ń lọ sóko ní Olúpọ̀nnà kí i, ó dá wọn lóhùn. Ọ̀kan nínú wọn bi í pé kí ló ń dúró dè. Ó ní kò sí.

Oòrùn gòkè. Ó kù díẹ̀ kí ọ̀sán pọ́n. Nínú gbogbo Ìwó, òun nìkan ló mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìyá ń tán lọ nínú omi yẹn. Ó dúró fún un, ó fi díẹ̀ kún un, nítorí àkókò náà kò dá a lójú. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó ká ẹní rẹ̀, ó fi àwọn ẹyin náà sílẹ̀ níbẹ̀.